Mẹ́gáfóònù tí a rà torí ìwọ́de: ìràwọ̀ mẹ́ta péré ni mo fún un

Ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í sábà jókòó kọ nǹkan nípa mẹ́gáfóònù, fóònù àti páwábáǹkì ni gbogbo yín máa ń béèrè, àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ti tó ọdún márùn-ún, ó ti lọ sí ìwọ́de, ó ti lọ sí ìsọjí, ó ti lọ sí ìnáwó, ó ti ta àgbo. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àǹtí mi tó ń lò ó nídìí àgbo gbé e wá bá mi pé ohùn ẹ̀ ti ń ya bí aṣọ, mo wá ní ó yá, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ohun tójú mi rí lórí ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ra tiẹ̀ mọ ohun tó ń fowó ẹ̀ rà.

Oṣù kẹwàá 2020 la rà á. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ìgbà yẹn ṣáà. Ìbàdàn ni mo wà. Àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó ti sùn mọ́jú sẹ́nu géètì ìjọba l'Álàúsá torí ọ̀rọ̀ SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó yẹ kó máa mú adigunjalè àmọ́ tó ń fìyà jẹ àwọn ọ̀dọ́, Mókólá lọ́dọ̀ wa níbí náà ti ń gbóná, nígbà tó wá di ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn ìbọn ba Jimoh Isiaq l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọmọ tí wọ́n ní kò tiẹ̀ sí lára àwọn tó ń wọ́de, gbogbo nǹkan bá gbiná. Àwa méje ládùúgbò dáwó jọ, wọ́n ní kí n lọ ra mẹ́gáfóònù wá torí èmi ni mo mọ ọjà ná. Ọkùnrin tó tà á fún mi búra pé ohùn ẹ̀ á dé kìlómítà kan gbáko, ó tiẹ̀ wà lára páálí ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní iná ẹ̀ á lo wákàtí mẹ́jọ, ó ní oṣù mẹ́fà ni gáráńtì. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹrin, ó ní ọ̀gá tó ni ìsọ̀ ò sí nílé, kí n máa lọ kí n máa bọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohùn ẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ibi tó dákẹ́, bí ìdájí, ó dáa, ó ń dún ketekete, òpópónà mẹ́ta ló ń gbọ́ àǹtí mi tó bá ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n ìwọ́de kì í ṣe ìdájí. Ẹ dúró sábẹ́ bíríìjì Mókólá lọ́sàn-án gangan, kí dánfó máa fọn fèrè, kí àwọn ọmọ máa kọrin, kí jẹnẹrétọ̀ máa kùn létí yín, ẹ ò ní rin igba ìṣísẹ̀ tí ẹ ò fi ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju wá-wá-wá lọ. Kìlómítà kan kọ́, kìlómítà kan ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi nígbà tí mo ń rà á ni pé bó o bá ṣe ń pariwo sínú ẹ̀ tó ni ọ̀rọ̀ ẹ ṣe ń bàjẹ́ tó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ pé ohùn ẹ̀ nìkan tó gbogbo ọjà Bódìjà, ìgbà tó gbé e sẹ́nu báyìí, ariwo lásán là ń gbọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wí. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e jìnnà sẹ́nu díẹ̀, ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó", gbogbo èrò jókòó sórí kọ̀ńkéré. Ó yà mí lẹ́nu.

Ìgbà yẹn náà ni "sọ̀rọ̀ sókè" gbòde, tó di orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ìran wa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi o, mi ò lè purọ́, mo ṣì ní ẹ̀wù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí láyà. Àmọ́ lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi gbé mẹ́gáfóònù yìí kọ́rùn, mo wá rí i pé ká sọ̀rọ̀ sókè gan-an ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Torí bátìrì ni mo fi mọ̀. Wákàtí mẹ́jọ tí wọ́n kọ sára páálí, méjì àtààbọ̀ ló ń lò, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ta, á sì kú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kú mọ́ wa lọ́wọ́, agogo kan ọ̀sán, mo rò pé gbogbo èèyàn máa tú ká ni. Wọn ò tú ká. Ìyá kan ti gbé omi inú ọ̀rà wá, àpò méjìlá, kò gba kọ́bọ̀. Ẹnì kan ti sè jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà. Onígbàjámọ̀ kan létí títì ní ká máa wá ṣáájì fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ lára jẹnẹrétọ̀ òun, òun ló tiẹ̀ padà bá wa ṣáájì mẹ́gáfóònù náà. Títí ilẹ̀ fi ṣú kò sẹ́ni tó fi mẹ́gáfóònù sọ nǹkan kan, èrò tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn sì ju ti àárọ̀ lọ. Ẹ rò ó wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nígbà yẹn nìyẹn náà, àmọ́ tiwọn fẹjú ju tiwa lọ fíìfíì. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Feminist Coalition, oṣù keje 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ara wọn jọ, ẹgbẹ́ náà ò tíì pé oṣù mẹ́rin, àwọn ló ń gba owó tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́, nílé lóko, owó náà lé ní mílíọ̀nù 147 náírà kó tó parí. Oúnjẹ, omi, owó dókítà, owó áńbúláǹsì, wọ́n ń ṣètò lọ́yà fún àwọn tí ọlọ́pàá bá kó, nọ́ńbà kan wà tẹ́ ẹ lè pè tí wàhálà bá dé. Nígbà tí ọ̀nà báǹkì dí mọ́ wọn, wọ́n sún sórí Bitcoin, owó ń wọlé lọ. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni pé wọ́n ń jíṣẹ́ owó náà, iye tó wọlé rèé, iye tó jáde rèé, ibi tó lọ rèé, gbogbo ayé ń kà á. Orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé gọ́fínọ̀ gan-an kì í sọ iye tó ná lóṣù! Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń sọ pé òun ò lè fún ẹnikẹ́ni ní ẹgbẹ̀rún kan torí ìwọ́de, torí àwọn àgbà ti jẹ wá níyà rí, ó rí ìṣirò yẹn, ó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa náà l'Íbàdàn wá ra ìwé onílà, gbogbo omi inú ọ̀rà tí a bá rà la ń kọ sí i, à ń ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp lálaalẹ́. Ìwé onílà yẹn, igba náírà la rà á, iṣẹ́ tó ṣe fún wa ju ti mẹ́gáfóònù yìí lọ, tí mo bá ń parọ́ kí ẹ bi àwọn tó kù.

Sáírẹ́ẹ̀nì wà lára ẹ̀ náà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Bọ́tìnnì ẹ̀ wà níbi tí àtàǹpàkò èèyàn ti máa ń sinmi, ẹni tó ṣe é kò rò ó dáadáa rárá. Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ké wíì-ù wíì-ù, àwọn èèyàn rò pé ọlọ́pàá ti dé, wọ́n bẹ́ sílẹ̀, màmá kan ṣubú, orúnkún ẹ̀ bó, slípáàsì tó tó ogún wà nílẹ̀ láìsí ẹlẹ́sẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọjọ́ yẹn la fi téèpù bo bọ́tìnnì yẹn, ó ṣì wà lójú ẹ̀ títí di òní, àǹtí mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀. Bí àyà èrò bá já lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kí ẹnì kan dúró níwájú kó má sá, àwọn tó kù á wò ó, wọ́n á padà. Ó dára kí wọ́n ti yan ẹni yẹn kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ó yá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Bọ́tìnnì pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun ló jẹ́ kó gba ìràwọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ni ì bá gbà. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á gba ohùn ẹ sílẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì 10, á wá máa tún un sọ, á máa tún un sọ, ìwọ á ti lọ jókòó mumi, òun á ṣì máa wí. Sẹ́kọ́ńdì 10 péré o, tó bá ti pé á ké píìn, ó ti gé ẹ lẹ́nu nìyẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé àléébù ni, mo ní ta ló fẹ́ fi sẹ́kọ́ńdì 10 sọ ohun tó ń dun gbogbo ìlú. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ohun tí wọ́n bá lè sọ nínú ẹ̀ lèèyàn fi ń mọ̀ bóyá ìwọ́de kan mọ ohun tó ń wá.

"Ẹ tú SARS ká." Kò gbà ju sẹ́kọ́ńdì méjì lọ, ó wọlé, ó tún ṣẹ́ kù. Ọmọdé lè sọ ọ́, ìyá ọlọ́jà lè sọ ọ́, ọlọ́kadà lè fi fọn fèrè. Láti 2017 làwọn èèyàn ti ń kígbe ẹ̀ lórí Twitter, nígbà tó wá bọ́ sí títì ní 2020, ìjọba ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mọ́, ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ni Mohammed Adamu tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún ọlọ́pàá nígbà yẹn jáde wá pé àwọn ti tú SARS ká. A jó ọjọ́ yẹn. Mo ra bọ́tù mẹ́ta. Ọjọ́ 13 ni wọ́n ní SWAT ló máa rọ́pò ẹ̀, bọ́tù tí mo mu bá di omi kíkan nínú mi. Ṣé ẹ rí i, a ní kí wọ́n tú orúkọ kan ká, wọ́n tú orúkọ ká, wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ míì. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ pé àwọn ti fòfin de SARS nìyẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe irú ẹ̀, ó ti dà bí ọdún egúngún.

Irú ìtúká ẹnu lásán bẹ́ẹ̀ ló fà á tí ohun márùn-ún tí àwọn tó ń wọ́de béèrè fi jáde: kí wọ́n tú gbogbo ẹni tí wọ́n kó níbi ìwọ́de sílẹ̀, kí wọ́n ṣe ìdájọ́ fún àwọn tí wọ́n pa kí wọ́n sì sanwó fún ẹbí wọn, kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tó dá dúró kalẹ̀ láàárín ọjọ́ 10 tí á máa bójú tó ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti ṣe SARS wò kí wọ́n tó tún gbé ìbọn fún wọn, kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Ọpọlọ wà nínú ẹ̀, paapaa èyí tó kẹ́yìn, mo kà á sétí ọlọ́pàá kan tó dúró tì wá ní Mókólá, ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ máa bá a lọ jàre". Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbìyànjú láti ka márààrún sínú bọ́tìnnì pupa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ké píìn mọ́ mi lẹ́nu lórí ẹ̀kẹta. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì yẹn ló ní ká máa fi ọ̀kan sí i lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó kan owó oṣù ọlọ́pàá la rí ẹ̀rín jù.

Bàbá bàbá mi ará ọ̀nà Akánràn ni, ó máa ń sọ ti Agbẹ́kọ̀yà fún wa. Àwọn àgbẹ̀ yẹn, 1968 sí 1969, wọn ò ní Twitter, wọn ò ní mẹ́gáfóònù, ohun tí wọ́n ní ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn máa san lówó orí, kò lé. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún láyé ìgbà yẹn, ọ̀kẹ́ mẹ́fà á jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kà mọ ọ̀kẹ́ mẹ́fà, aṣojú ìjọba náà mọ̀ ọ́n, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pààrọ̀ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn o, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe, bàbá wa gan-an máa ń dákẹ́ tó bá débẹ̀. Àmọ́ ìgbẹ̀yìn ẹ̀, Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀ ló lọ bá Táfá Adéoyè, olórí wọn, l'Ákánràn kí ilẹ̀ tó rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù.

Ti 2012 náà ńkọ́? Ọjọ́ ọdún tuntun, lítà epo kan fò láti náírà 65 bọ́ sí 141. "Ẹ dá a padà sí 65." Sẹ́kọ́ńdì méjì. Ojota kún fọ́fọ́, òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 9 oṣù náà, nígbà tó fi di ọjọ́ 16 epo ti bọ́ sí 97, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ó tó, kí kálukú máa lọ sílé. Bóyá ó tó, bóyá kò tó, títí dòní à ń jiyàn ẹ̀ nídìí ayò, àmọ́ 97 ṣáà kéré sí 141. Èyí tí mo wá gbádùn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti àwọn ọmọ Kẹ́ńyà ní 2024. Ìwé òfin owó orí kan ni, ó nípọn, èdè lọ́yà ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ yẹn jókòó tì í, wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí èdè ìbílẹ̀ wọn, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ nínú fídíò, wọ́n wá nọ́ńbà fóònù àwọn aṣòfin, wọ́n fi tẹ́kísì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀ padà wá sórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ da òfin yìí nù. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà wọ́n ya wọ ilé aṣòfin ní Nairobi, ìbọn pa èèyàn, ọjọ́ kejì Ààrẹ William Ruto ní òun ò fọwọ́ sí i mọ́. Sẹ́kọ́ńdì méjì wà lókè, àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀! Ìyẹn gan-an ni ti SARS ò ní tó. Àwa náà rí ọ̀rọ̀ kúkúrú, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n dáhùn ẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kọ ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀.

Àléébù míì tó wà lára mẹ́gáfóònù, kì í ṣe tèmi nìkan, gbogbo wọn ni: ẹni tó bá dì í mú, orí ẹ̀ á wú. Mo ti rí i. Ọmọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, ẹ gbé e fún un fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti di kọmíṣọ́nnà, ó ń sọ "èmi àti àwọn èèyàn mi". A wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, aago fóònù á dún, wàá gbé e sílẹ̀. Níbi ìwọ́de 2020 yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ aṣáájú, wọ́n sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí gbogbo wa la rántí bí 2012 ṣe parí, kò sẹ́ni tí wọ́n á pè wọ yàrá kan ní Àbújá tí á jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí wọ́n lè rà. Àmọ́ ó ní iye tí wọ́n ń ta ìyẹn náà. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹnì kan sọ pé "ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ká padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè", ta ló máa sọ ọ́? Ìjọba Èkó kéde kónílé-ó-gbélé lọ́sàn-án ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àwọn kan lọ, àwọn kan jókòó sílẹ̀ ní tóòlù géètì Lẹ́kkì pẹ̀lú àsíá, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni sójà dé. Mi ò sọ pé ẹ̀bi àwọn tó jókòó ni o, ẹni tó yìnbọn ló yìnbọn, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi wádìí ẹ̀, wọ́n kọ ìròyìn wọn sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2021, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ò gbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé lálẹ́ yẹn, l'Íbàdàn níbí, mẹ́gáfóònù wà lọ́wọ́ mi, ó ti gba iná dáadáa, èrò ń wojú mi, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ. Ọmọbìnrin yẹn ló tún gbà á. Ó ní kí gbogbo èèyàn lọ sílé ní méjìméjì, kí kálukú fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tó bá délé. Agogo mọ́kànlá kọjá kí orúkọ tó pé.

Lẹ́kkì yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mẹ́gáfóònù lẹ́nu, kò lójú. DJ Switch, obìnrin kan tó ń lu àwo orin, gbé fóònù ẹ̀ sókè lórí Instagram lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ là ń wò láti orí bẹ́ẹ̀dì wa. Mẹ́gáfóònù ẹgbẹ̀rún ò lè ṣe ìyẹn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ púpọ̀, torí oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ti Twitter pa fún gbogbo orílẹ̀-èdè, di oṣù kìíní 2022, gbogbo wa di ọ̀jọ̀gbọ́n VPN. Tèmi yìí, wọn ò rí i tì pa. Mo fi ìdajì ìràwọ̀ kún un torí ìyẹn, mo tún yọ ọ́ torí sáírẹ́ẹ̀nì.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò tiẹ̀ lówó ẹ̀, èyí tí kò gba owó wà. Ní New York lọ́dún 2011, níbi tí àwọn tó ń wọ́de lòdì sí àwọn olówó ti gba ọgbà Zuccotti Park, wọn ò gbà wọ́n láyè láti lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohun tí wọ́n ṣe ni pé ẹnì kan á sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn tó wà nítòsí á tún un sọ lóhùn kan, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn á tún gbà á. Wọ́n ń pariwo ẹ̀ nínú ìròyìn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ láyé, mo ní háà, lílé àti ègbè nìyẹn kẹ̀, ìyá ìyàwó èyíkéyìí ń ṣe é níbi ìgbéyàwó. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá gùn jù ò ní kọjá ìlà kejì, ẹnu ẹni tó ń gbè é sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, ó ti di tiẹ̀. Ní Họ́ǹkọ́ǹgì ní 2019, ọwọ́ ni wọ́n tiẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá wà níwájú á gbọ́wọ́ lérí, wọ́n á ti mọ̀ pé àṣíborí ni wọ́n nílò, á máa bọ̀ láti ọwọ́ sí ọwọ́ láti ẹ̀yìn pátápátá.

Ká má sì tíì jìnnà, àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta ní 1947. Ìjọba ní kí wọ́n má ṣe ìwọ́de láìgba ìwé àṣẹ, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní kò burú, àwọn ń lọ gbafẹ́ ni, píkíníìkì ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jáde lọ gbafẹ́! Ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe ṣe tí wọ́n bá yin tajútajú sí wọn. Wọ́n sùn mọ́jú níwájú ààfin, wọ́n ò san owó orí, nígbà tó di oṣù kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá kúrò lórí oyè. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbé mẹ́gáfóònù níbẹ̀.

Ṣé kí ẹ wá rà á? Tó bá jẹ́ fún àgbo, ìsọjí, tàbí bọ́ọ̀lù àdúgbò, ẹ rà á, kó ní bátìrì tó ṣeé yọ, ẹ má ra èyí tí wọ́n lẹ bátìrì ẹ̀ pa sínú bíi tèmi. Okùn ọrùn ẹ̀ lágbára, ó ti jábọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kò fọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Tó bá jẹ́ fún ìwọ́de, ẹ kọ́kọ́ fi owó ẹ̀ ra omi ná. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra ìwé onílà. Tó bá tún ṣẹ́ kù lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lè ra á.

Ohùn tó ń ya yẹn, mo tú u, erùpẹ̀ ló kún inú ẹ̀, mo nù ún, ó ti ń dún. Alẹ́ àná ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa wá yá a, tiransifọ́mà wa ti bàjẹ́ láti oṣù méjì, wọ́n fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó iná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ti NEPA láyé àtijọ́, wọ́n sọ ti mítà, wọ́n sọ ti ọmọ kan tí wọ́n rán wá ní 2019 tó bú wọn, wọ́n dé orí ìjọba ológun. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo na mẹ́gáfóònù sí wọn, mo ní kí wọ́n tún un sọ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kí àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ bá ló ti ké píìn. Wọ́n wo mẹ́gáfóònù, wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àwọn fẹ́ lọ fọ̀rọ̀ lọ Alága. Ó ṣì wà lórí tábìlì mi níbí báyìí.